Wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin bí ẹsẹ̀ òrìṣà, àmọ́ ọmọkùnrin ni wọ́n ń tọrọ. Ọ̀rọ̀ Mata yìí rú mi lójú o

Àṣàkẹ́_Haryana

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ti ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí mọ̀ pé ìwé ló gbé mi wá Íńdíà, ọdún kejì mi rèé ní Haryana, ẹ̀gbẹ́ Delhi ló wà. Òkè ni yàrá tí mo rẹ́ǹtì, onílé àti ará ilé ẹ̀ wà nísàlẹ̀: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, ìyàwó ọmọ yẹn, àti ọmọbìnrin méjì tí ìyàwó bí. Ẹ fi ọmọbìnrin méjì yẹn sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n parí Navaratri, òru mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń bọ Mata. "Ìyá" ni Mata, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo òrìṣà obìnrin wọn nìyẹn, ì báà jẹ́ Durga, ì báà jẹ́ Kali, ì báà jẹ́ Vaishno Devi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ọ̀kan bọ́ sí nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, èyí tó gbayì jù bọ́ sí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá.

Ọjọ́ kẹjọ, ìyá onílé ti jí láago mẹ́rin ìdájí. Ó dín puri, ó ro halwa, ó se ẹ̀wà dúdú kan tí wọ́n ń pè ní chana. Nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n ránṣẹ́ káàkiri àdúgbò, wọ́n kó ọmọbìnrin mẹ́sàn-án jọ, kò séyìí tó ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nínú wọn, àwọn méjì tinú ilé náà wà níbẹ̀. Wọ́n tò wọ́n jókòó sórí ẹní. Màmá yìí, tí orúnkún ń dùn débi pé àtẹ̀gùn ò ṣe é gùn fún un, kúnlẹ̀, ó bomi, ó wẹ ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi nǹkan pupa bí osùn tọ́ wọn níwájú orí, ó so òwú pupa mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, ó da ìborùn pupa bò wọ́n, ó wá forí kan ẹsẹ̀ wọn. Ó forí kàn án o! Ọ̀kan nínú wọn, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ń fọwọ́ ro imú nígbà tí wọ́n ń bọ ọ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn kì í ṣọmọ, Mata fúnra ẹ̀ ni. Kanjak ni wọ́n ń pe ètùtù náà. Wọ́n jẹun tán, wọ́n fún wọn ní rúpì díẹ̀díẹ̀, kálukú sáré lọlé.

Mi ò purọ́, omi bọ́ lójú mi. Mo ní ẹ wo ibi tí wọ́n ti mọyì ọmọbìnrin.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni mo sọ̀kalẹ̀ wá gba omi, mo gbọ́ tí màmá yìí ń sọ fún ìyàwó ọmọ ẹ̀ ní kíṣìnì pé Mata ti jẹun lọ́wọ́ wa báyìí, lọ́dún yìí á fún wa lọ́mọkùnrin. Ìyàwó ò dáhùn. Bàbá ọkọ ló ń kọjá lọ, ìyàwó sì ti fa ìbòjú ẹ̀ wálẹ̀ dé àgbọ̀n, torí ìyàwó kì í jẹ́ kí bàbá ọkọ rójú òun. Ọdún mẹ́jọ tó ti délé yẹn nìyẹn o.

Ẹ gbà mí. Báwo lèèyàn ṣe ń forí kan ẹsẹ̀ ọmọbìnrin láàárọ̀, tó tún ń bẹ ọmọbìnrin yẹn kan náà lálẹ́ pé kó má rán irú ẹ̀ wá mọ́?

Bàbá_Òkè_Ọ̀ṣun

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, o kú àjò, o kú ìfaradà.

Àwa náà ńkọ́? Ṣebí àwa la sọ pé àwọn òrìṣà mẹ́rìndínlógún dé ayé, wọ́n fojú Ọ̀ṣun gbolẹ̀ torí pé obìnrin ni, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì ń dàrú títí Olódùmarè fi bi wọ́n pé ẹnì kẹtàdínlógún wọn dà. Ìtàn tó dáa. À ń sọ ọ́, à ń kọ ọ́ lórin. Ṣùgbọ́n kí Orò ké lálẹ́ òní, ta ló máa ti ara ẹ̀ mọ́lé? Má fojú àjèjì wo àwọn yẹn jù, ìyá mi.

Mo_mọ_Olùgbàlà_mi

Arábìnrin, òrìṣà ò lójú kò létí, kí lo fẹ́ kó mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ? Kúrò nílé yẹn kíá.

Àṣàkẹ́_Haryana

@Mo_mọ_Olùgbàlà_mi ẹ ṣé sà, àmọ́ owó oṣù mẹ́fà ni mo ti san sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi gbà á padà máa fi àkáǹtì ránṣẹ́ 😂

@Bàbá_Òkè_Ọ̀ṣun ẹ ṣé bàbá. Ó kàn mí lára díẹ̀ o, mi ò ronú kan Orò rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ níwèé nípa ẹ̀sìn Íńdíà fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ tí mo mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn Durga fúnra ẹ̀. Ẹ̀fọ̀n kan wà tó jẹ́ ẹ̀mí burúkú, Mahishasura lorúkọ ẹ̀, wọ́n ti ṣèlérí fún un pé ọkùnrin kankan ò ní lè pa á. Kò tọrọ ààbò lọ́wọ́ obìnrin, ó ní kí lobìnrin fẹ́ fòun ṣe. Ó bá lé àwọn òrìṣà kúrò lọ́run. Inú bí wọn, iná jáde lára kálukú wọn, iná yẹn para pọ̀ ó di obìnrin. Shiva fún un ní ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, Vishnu fún un ní àwo olójú mímú tó fi ń jagun, òkè Himalaya fún un ní kìnnìún tó ń gùn. Ó jà, ó bẹ́ orí ẹ̀fọ̀n náà. Inú ìwé tí wọ́n ń pè ní Devi Mahatmya ló wà, ẹsẹ 700 ni, òun ni wọ́n ń kà ní òru mẹ́sàn-án tí Àṣàkẹ́ sọ yẹn.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe lọ o. Ọkùnrin ló gbé gbogbo ohun ìjà yẹn lé e lọ́wọ́. Wàhálà tí ọkùnrin ò rí ojútùú sí ni wọ́n torí ẹ̀ pè é. Kò sì lọ́kọ nínú ogun yẹn, kò sí ìyá ọkọ, kò sí bàbá ọkọ tó ń fa ìbòjú fún. Ẹni tí wọ́n ń bọ nìyẹn. Ìyàwó ilé ò sí lára ẹ̀.

Èyí tó kù, Haryana tí Àṣàkẹ́ wà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n kà èèyàn lọ́dún 2011, nínú àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún méje, ọmọbìnrin 834 ló wà fún ọmọkùnrin 1,000. Òun ló burú jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Íńdíà, Punjab tó tẹ̀ lé e jẹ́ 846. Kerala nísàlẹ̀ gúúsù lọ́hùn-ún jẹ́ 964. Kì í ṣe pé Ọlọ́run dá àwọn ará Haryana yàtọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún ni. Wọ́n wò ó, tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n ṣẹ́ ẹ. Òfin 1994 ti ka sísọ fún aboyún bóyá akọ ni àbí abo léèwọ̀, ẹ sì máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gbogbo ilé ìwòsàn ibẹ̀. Panipat, tó wà ní Haryana náà, ni olórí ìjọba wọn Modi lọ ní January 22, 2015 láti bẹ̀rẹ̀ ètò "Beti Bachao Beti Padhao", ìyẹn ẹ gba ọmọbìnrin là, ẹ rán ọmọbìnrin níwèé.

Ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ni kanjak ń fẹ́ lóòótọ́. Ilé ẹlòmíì ni wọ́n máa ń ti wá.

Àṣàkẹ́_Haryana

Hmm. Gbólóhùn ìparí yẹn gún mi lọ́kàn.

Lóòótọ́ ni o, ìkìlọ̀ yẹn wà lára ògiri, mo ti rí i nílé ìwòsàn tí mo lọ nígbà tí ibà ń ṣe mí. Mo rò pé ìpolówó ni.

Ìyá_Ìbejì_Leicester

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ẹ máa ń yára pa ọ̀rọ̀ dé. Ọdún 19 ni mo ti ń gbé Leicester nílùú òyìnbó, ará Gujarat, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ló yí wa ká lọ́tùn-ún lósì, Navaratri tiwọn ò dà bí ti Haryana yẹn rárá. Ijó ni. Garba ni wọ́n ń pè é, àwọn tó mọ̀ sọ fún mi pé látinú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ilé ọmọ ni orúkọ yẹn ti wá, wọ́n á gbé ìkòkò amọ̀ tí wọ́n lu ihò sí lára sáàárín, wọ́n á tan fìtílà sínú ẹ̀, wọ́n á wá máa jó yí i ká, obìnrin ló pọ̀ jù, ọmọdé, arúgbó, gbogbo wọn wọ yẹ̀rì tó ń tàn yanranyanran. UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2023.

Obìnrin kan wà nínú wọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́mọ àádọ́ta, ó sọ fún mi pé nígbà tóun wà lọ́mọge ní Gujarat, kò sí bóun ṣe lè jáde nílé lẹ́yìn aago méje alẹ́ láyé. Bàbá òun ò gbà. Ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ò gbà. Àmọ́ tí Navaratri bá dé, òru mẹ́sàn-án gbáko ni, òun á jó di aago méjì, kò sẹ́ni tó lè bi òun léèrè torí pé ijó Mata ni. Ó ní òun á ti máa ka ọjọ́ láti oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Ṣé ẹ wá fẹ́ sọ fún obìnrin yẹn pé ọkùnrin ló yá Mata lóhun ìjà? Kí ló kàn án níbẹ̀? Òru mẹ́sàn-án tiẹ̀ ló mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Màámi, mo gbà. Àmọ́ òru tó kù lọ́dún ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Leicester

Òru tó kù kì í ṣe ẹjọ́ Mata, ẹjọ́ bàbá ẹ̀ ni.

Aláṣọ_Gbági

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì parí ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí ni, aṣọ ni mò ń tà, mo máa ń lọ ra ọjà ní Surat àti Jaipur, ọdún kan báyìí ẹni tó ń bá mi gbé ọjà ní kí n jẹ́ ká lọ sí Bikaner, ìlú ẹ̀ ni, nínú aṣálẹ̀ Rajasthan lọ́hùn-ún. Bá a ṣe débẹ̀ ó ní a ò ní padà láì kí Karni Mata. Ilé òrìṣà yẹn wà ní Deshnok, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Bikaner. Ẹ gbọ́, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ bàtà, mo wọlé, EKU. Eku ló kún ibẹ̀ o! Kì í ṣe mẹ́wàá kì í ṣe ogún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń mu wàrà nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gun èèyàn lẹ́sẹ̀, èmi ọmọ Ìbàdàn tí mo dàgbà lẹ́yìn ọjà kò sí eku tí mi ò rí rí àmọ́ mo pariwo. Wọ́n ní èyí tó bá gun ẹ lẹ́sẹ̀ ìre ló fún ẹ, tó o bá wá rí funfun nínú wọn ìre ti dé nìyẹn. Mi ò rí funfun.

Ìtàn tí ọ̀rẹ́ mi yẹn sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ torí ó bá ohun tí Àṣàkẹ́ béèrè mu. Karni Mata yìí, èèyàn ni o, wọ́n ní ọdún 1387 ni wọ́n bí i, inú ìran kan tí wọ́n ń pè ní Charan, akéwì àti arọ́kin àwọn ọba Rajput, ìran jagunjagun ibẹ̀, ni wọ́n, bíi tàwọn onírárà wa. Bàbá ẹ̀ ti bí obìnrin bí obìnrin, ó ń wá ọkùnrin lójú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bí eléyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin wọlé, ó wò ó, ó ká ìka ẹ̀ kò, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkúta mìíràn tún dé. Ìka ò nà mọ́. Ó ká síbẹ̀ báyìí. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ yẹn ti ń rìn ti ń sọ̀rọ̀, àǹtí yìí ń wẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ọmọ ní kí ló ṣe ìka yín, ó di ìka náà mú, ìka bá nà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé Mata ló wá sílé wọn.

Ó wá dàgbà, wọ́n fi fọ́kọ. Ó dé ọ̀hún ó ní òun ò bá ọkùnrin sùn láyé òun, kí ọkọ má bínú. Ó wá fi àbúrò ẹ̀ fún ọkọ pé kó fi ṣaya, àbúrò yẹn ló bímọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò yìí kú sómi, Karni Mata lọ bá Yama tó jẹ́ òrìṣà ikú, ó ní dá ọmọ mi padà, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ibi tó já sí ni pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó bá kú nínú ìran yẹn tó máa dọ̀dọ̀ Yama mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ di eku nínú ilé òrìṣà, wọ́n á sì padà wáyé bí èèyàn. Ìdí tí wọn ò fi ń pa eku nìyẹn. Mọ̀lẹ́bí ni.

Òun yìí ni àwọn ọba Rajput ń bọ, wọ́n ní òun ló fi òkúta ìpìlẹ̀ odi Jodhpur lélẹ̀ ní 1459, òun ló súre fún ẹni tó tẹ Bikaner dó. Àwọn tó ń tọ́jú ilé òrìṣà lónìí, ọkùnrin ni gbogbo wọn, àtọmọdọ́mọ àwọn ọmọkùnrin tí àbúrò ẹ̀ bí yẹn.

Bàbá_Òkè_Ọ̀ṣun

Aláṣọ, o kú àlàyé. Ìka tó ká kò yẹn! Ìtàn nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ, ẹ ṣé gan-an, ẹ ti gba ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́nu mi.

Àwọn Rajput tí ẹ dárúkọ yẹn, ìdílé kọ̀ọ̀kan wọn ló ní òrìṣà obìnrin tiẹ̀, kuldevi ni wọ́n ń pè é. Jagunjagun ni wọ́n, Mata ló ń ṣáájú wọn lójú ogun. Àwọn Rajput yìí náà wà lára àwọn tí ìròyìn wọn pọ̀ jù láyé òyìnbó amúnisìn pé wọ́n ń pa ọmọbìnrin jòjòló, torí pé ẹni tó bá ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ wá ọkọ fún un nínú ìdílé tó ga ju tiẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹrù àti owó tó lè sọ ọ́ di òtòṣì. Ó burú débi pé ìjọba òyìnbó ṣòfin kan lórí ẹ̀ nìkan lọ́dún 1870. Ẹ wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó ká kò. Àwọn tí ìtàn yẹn ń bá wí gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́!

Tí ẹ bá wò ó dáadáa, Karni kọ ibùsùn ọkọ. Durga ò lọ́kọ lójú ogun. Obìnrin tó bá jáde kúrò nínú ìyàwó ni wọ́n lè bọ. Èyí tó wà nínú ilé, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un láti di òrìṣà burú jáì: kó bá òkú ọkọ ẹ̀ jóná, sati ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó ti fòfin dè é láti 1829, àmọ́ ní September 1987, ní abúlé Deorala ní Rajasthan, wọ́n sun Roop Kanwar mọ́ ọkọ ẹ̀ tó kú. Ọmọ ọdún 18 ni. Oṣù mẹ́jọ péré ló ṣe nílé ọkọ. Èrò ya síbẹ̀ lọ bọ ibi tí wọ́n ti sun ún, wọ́n ń pè é ní Sati Mata. Ìyá, ẹ gbọ́ o, ọmọdé tí ò bímọ rí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣòfin tuntun tó fi ẹ̀wọ̀n sí i, pàápàá fẹ́ni tó bá ń yìn ín.

Mo_mọ_Olùgbàlà_mi

Ọlọ́run ṣàánú.

Kéhìndé_kò_gbà

Ìbéèrè kan o. Nǹkan oṣù ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọn ò jẹ́ kí obìnrin tó ń rí i wọ ilé òrìṣà, ti Mata náà ni? Ṣé Mata kì í ṣe obìnrin ni?

Àṣàkẹ́_Haryana

Nílé wa níbí o, ìyàwó kì í dé ìdí pẹpẹ Mata tó bá ń rí i, ọkọ ẹ̀ ló ń tan fìtílà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

@Kéhìndé ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti yí padà. Kamakhya, lórí òkè Nilachal ní Guwahati, ìpínlẹ̀ Assam. Wọ́n ní nígbà tí Sati ìyàwó Shiva kú, Shiva gbé òkú ẹ̀ kọ́ èjìká ó ń jó kiri bí wèrè, Vishnu bá gé òkú náà wẹ́wẹ́ kí ayé má bàjẹ́, ibi tí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan bọ́ sí di ojúbọ. Ojú ara ẹ̀ ló bọ́ sí Kamakhya. Kò sí ère níbẹ̀, àpáta tó là sí méjì ni, omi ń sun níbẹ̀. Lọ́dọọdún ní oṣù kẹfà, wọ́n á ní Mata ń rí nǹkan oṣù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn fọ́jọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹrin èrò á ya wọlé, wọ́n á máa ja aṣọ pupa gbà bí ìbùkún. Obìnrin tó ń rí tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò ní wọlé o.

Kéhìndé_kò_gbà

Ti Mata ìbùkún, ti wa èèwọ̀. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Ìyá_Ìbejì_Leicester

Akẹ́kọ̀ọ́, òótọ́ lo sọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ gbogbo àlàyé ẹ, látòde lo ti ń wo obìnrin yẹn. Ọkùnrin ṣe báyìí, ọba ṣe tọ̀hún. Àṣàkẹ́ nìkan ló wà nínú ilé níbí. Àṣàkẹ́, ìyàwó yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ń bọ Mata? Kí ló ń wá níbẹ̀?

Aláṣọ_Gbági

Ìbéèrè gidi.

Àṣàkẹ́_Haryana

Ẹ má bínú, ìdánwò ni ò jẹ́ kí n tètè dáhùn. Màámi, ìbéèrè yín ló mú mi jókòó tì í lọ́jọ́ Sunday nígbà tó ń sá aṣọ lórí òkè. A ń sọ Híńdì mi tó ti kán lẹ́sẹ̀ mọ́ gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ tó kán lọ́wọ́, àmọ́ a yéra wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú èmi rí lọ́dún tó kọjá, mi ò mọ ohun tí mo rí nígbà yẹn ni. Àwọn ará iwájú ilé wa ṣe jagrata, àìsùn Mata ni, wọ́n ta tápólì sójú títì, wọ́n gbé àwọn olórin wá pẹ̀lú ìlù àti dùùrù kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ fẹ́, gbohùngbohùn ń dún débi pé ibùsùn mi ń gbọ̀n, mo bá kúkú sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó. Kílẹ̀ tó mọ́ wọ́n máa ń sọ ìtàn ayaba kan, Tara Rani, wọ́n ní láìsọ ìtàn yẹn jagrata ò tíì pé. Ayaba yìí, tọ́kọ bá ti sùn lálẹ́, á yọ́ jáde láàfin lọ síbi àìsùn Mata nílé tálákà kan, ìran tí ọba ò lè bá jẹun ni wọ́n. Ọkọ ṣọ́ ọ títí ó fi ká a mọ́. Ó ní kí ló wà nínú àwo tó gbé lọ́wọ́, torí ẹran ni wọ́n fún un jẹ níbẹ̀, èèwọ̀ ńlá ni. Ó ṣí àwo, ẹran ti di òdòdó. Ẹ̀yìn ìyàwó ni Mata wà o! Ìyàwó tó yọ́ jáde lóru, tó lọ jẹun níbi tí ọkọ ò fẹ́. Gbogbo bàbá tó jókòó síbẹ̀ ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ń kọrin lẹ́yìn ìtàn yẹn ni mo ti gbọ́ tí nǹkan dún nínú àwọn obìnrin. Ìyàwó ilé wa ni. Irun ẹ̀ ti tú, ó ń fi orí yípo yípo, irun yẹn ń na àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lójú. Ìbòjú ti ṣubú tipẹ́. Àwọn obìnrin ń pariwo pé Mata ti dé, Mata ti dé.

Bàbá_Òkè_Ọ̀ṣun

Òrìṣà gùn ún.

Àṣàkẹ́_Haryana

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá, bí ẹlẹ́gùn gẹ́lẹ́.

Bàbá ọkọ ẹ̀ dìde láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ rántí o, bàbá tí kì í rójú ẹ̀. Ó wá síwájú ẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó wólẹ̀, ó ń pe ìyàwó ọmọ ẹ̀ ní Ìyá. Ìyá ọkọ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ọkọ ẹ̀ dúró sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Obìnrin yìí ń wo bàbá yẹn ní ojú kòrókòró, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan tó nípọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ torí èdè ìbílẹ̀ wọn ló ń sọ, kíákíá sì ni. Bàbá ń dáhùn pé "ji Mata, ji Mata", bẹ́ẹ̀ ni Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá. Mo ti bi àwọn mẹ́ta léèrè ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Nígbà yẹn ẹ̀rù ló bà mí, mo sáré gun òkè lọ. Ọjọ́ Sunday tó kọjá yìí ni mo wá bi òun fúnra ẹ̀. Mo ní ṣé Mata ni lóòótọ́, kí lo sọ fún bàbá? Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó sá ṣẹ́ẹ̀tì méjì kó tó dáhùn. Ó ní òun ò rántí ọ̀rọ̀ kankan. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Mata ni àbí oorun ni àbí inú tó ń bí òun ni. Ohun tóun mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n gbé òun wọlé, wọ́n tẹ́ òun sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá ọkọ òun, òun sùn di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, látọjọ́ tóun ti wọlé yẹn òun ò sùn kọjá aago márùn-ún rí, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí òun. Nígbà tóun lajú, ìyá ọkọ òun ti po tíì, ó gbé e dúró sẹ́bàá ìbùsùn, ó ń dúró kóun jí.

Ìyá_Ìbejì_Leicester

😭😭😭 Bá mi kí i o. Ṣé tíì yẹn dùn?

Àṣàkẹ́_Haryana

Mo bi í. Ó ní ṣúgà ò tó.